Kíláàsì ijó ọjọ́ Sátidé l'Adó-Èkìtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ₦25,000: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí nípa kíláàsì ijó tí mò ń lọ ti pọ̀, mi ò lè máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lórí WhatsApp mọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tó owó ẹ̀. Ẹni tí ò bá ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn, èsì nìyẹn. Ẹni tó bá ráyè, ẹ jókòó, torí àwọn nǹkan kan wà tó dùn mí níbẹ̀ náà, n ó sọ wọ́n.

Kẹ́ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé níjó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà. Bí ìkórè bá ti ń bọ̀, bí Àjíǹde bá ti ń bọ̀, èmi ni gbogbo èèyàn ń wò lójú. Ohun tí mo sì máa ń ṣe látọjọ́ yìí ni pé màá wá fídíò lórí fóònù, màá wo ẹsẹ̀ wọn, màá dá a dúró, màá dá a padà, màá tún un wò, lẹ́yìn náà màá kọ́ àwọn ọmọ bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Àfìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan bi mí lọ́dún tó kọjá pé, "Àǹtí, kí ló dé tá a fi ń gbé ọwọ́ sókè níbí?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ yẹn ò jiyàn, ó kàn gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè bí mo ṣe ní kó gbé e, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ yẹn.

Mo ti kọ́kọ́ sanwó níbòmíì, kì í ṣe l'Adó, mi ò ní dárúkọ wọn. Owó oṣù méjì ni wọ́n gbà, fídíò tí mò ń wò nílé náà ni wọ́n ń tàn sára ògiri, gbogbo wa á máa fara wé e. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo jáwọ́, owó ò padà wá. Ìdí nìyẹn tẹ́rù fi ń bà mí nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé ẹnì kan wà l'Adó níbí tó ń kọ́ni níjó, àmọ́ kò kàn kọ́ni ní sítẹ́ẹ̀pù, ó máa ń sọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Apá Adébáyọ̀ ló wà, nínú ilé kan tí wọ́n ò tíì kùn. Kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, kò ní orúkọ kankan, "ọ̀dọ̀ Kóòṣì" ni gbogbo wa ń pè é. Gbogbo Sátidé, aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán gangan. A tó ogún: àwọn ọmọ Yunifásítì, tíṣà méjì, nọ́ọ̀sì kan, télọ̀ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó sì ń jó ju gbogbo wa lọ. ₦15,000 lẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ san, ẹ ó san ìyókù ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀, ẹni tó to ijó tó sì yí bí ayé ṣe ń jó padà. Kóòṣì á sọ ìtàn onítọ̀hún fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á fi fídíò kékeré hàn wá lórí láptọ́ọ̀pù, lẹ́yìn náà gbogbo wa á dìde, a ó máa fi ọ̀nà ẹni yẹn ṣiṣẹ́ títí a ó fi parí. Ó máa ń sọ pé ijó tẹ́ẹ bá ń jó tẹ́ẹ ò mọ ẹni tó tò ó, ẹ̀ ń ka lẹ́tà ẹlẹ́tà ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti fi bí òyìnbó ṣe ń kọ ijó sílẹ̀ lórí ìwé lọ, Feuillet ará Faransé tó gbé ìwé jáde lé e lórí ní 1700, àti Rudolf Laban tó tẹ ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní 1928, èyí tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Ó gbọ́n o, ó kàn dà bí ìṣirò lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló ká mi lára. Martha Graham, ará Amẹ́ríkà, wọ́n bí i ní 1894, ó dá ẹgbẹ́ ijó tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1926, ó sì pẹ́ láyé dé 1991. Ohun tó dá sílẹ̀, inú ikùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á mí jáde, ikùn á wọlé, ẹ̀yìn á tẹ̀, èèyàn á mí sínú, ara á ṣí padà. Tẹ́ẹ bá kà á báyìí ẹ lè ní kí wá ni, àmọ́ ẹ ṣe é fún wákàtí kan gbáko kẹ́ẹ wá sọ fún mi. Kóòṣì ò sọ gírámà kankan, ó ní ká rántí bí obìnrin ṣe ń sunkún tí wọ́n bá gbé òkú wọlé, ó ní ojú kọ́ ló kọ́kọ́ ń sunkún, ikùn ni. Ilé dákẹ́. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá mi dé láti ọsibítù, bí màmá mi ṣe ká kò tó di ikùn mú kí ohùn tó jáde lẹ́nu ẹ̀. Graham ní ijó kan tó jó ní 1930, Lamentation lórúkọ ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, inú aṣọ kan tó ń fà bíi rọ́bà ló wà, ojú ẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta, gbogbo ìrora yẹn wá ń ti aṣọ náà síbí ń tì í sọ́hùn-ún. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè jókòó sójú kan kó sì jẹ́ pé ijó gidi ló ń jó.

Ti Balanchine, bàbá Rọ́ṣíà tó dá ilé ìwé bálẹ̀ẹ̀tì sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1934 tí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ sì di New York City Ballet ní 1948, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀. Ó rẹwà, ẹsẹ̀ mi ò kàn gbà á. Ti Merce Cunningham náà ò wọ̀ mí lára, ẹni yẹn máa ń ju kọ́ìnì kó tó mọ ẹsẹ̀ ijó tó máa tẹ̀lé èyí, orin àti ijó ẹ̀ ò sì ní nǹkan kan í ṣe pọ̀, oníkálukú á ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, orí ìtàgé ni wọ́n á ti pàdé. Ọmọ ẹni tí ìlù ń bá sọ̀rọ̀ tó sì ń fi ara dá a lóhùn, irú ìyẹn á ṣòro fún un. Kóòṣì àtèmi jiyàn lórí ẹ̀ gan-an, ó ní kò pọn dandan kí n fẹ́ràn ẹ̀, kí n ṣáà mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ronú kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà.

Ẹ wá gbọ́ ti Katherine Dunham. Ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1909. Ìmọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá èèyàn ló kà ní Yunifásítì Chicago, ní 1935 ó gba erékùṣù Karíbíánì lọ, Jàmáíkà, Trinidad, Màtíníìkì, Háítì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń jó, ó ń bá wọn jó, Háítì ni wọ́n tiẹ̀ ti gbà á wọ inú ẹ̀sìn Vodun. Ohun tó mú bọ̀ ló fi kọ́ ọ̀nà ijó tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ dòní: kéèyàn lè mi èjìká láìmi ìdí, kó mi ìdí láìmi orí, kí àyà dá ti ẹ̀ ṣe. Nígbà tí Kóòṣì ń kọ́ wa, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ní, "Kóòṣì, ẹ má bínú o, èyí tẹ́ẹ ń pè ní ti Dunham yìí, ìyá tó bí mi lọ́mọ ń ṣe é." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Kóòṣì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá, ẹrú tí wọ́n kó lọ ló gbé e dé ọ̀hún, Dunham ló sì mú àwọn onímọ̀ gbà pé ijó yẹn ní ìlànà tí wọ́n lè fi kọ́ni ní kíláàsì. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé mi. Ẹni yìí náà ló sì gbààwẹ̀ ọjọ́ 47 ní 1992, ó ti pé ọdún 82 nígbà yẹn, torí bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń lé àwọn ará Háítì tó ń sá bọ̀ padà.

Ọjọ́ kan náà ló fi ti Pearl Primus há a, ibí ni mo ti kọ́kọ́ bínú. Primus tó ọ̀sẹ̀ kan lódindi! Trinidad ni wọ́n ti bí i ní 1919, ó dàgbà sí New York, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fò sókè tí ẹnu á ya èèyàn. Ní 1948 ló rí owó ìrànwọ́ gbà láti wá sí Áfíríkà wá kọ́ ijó, ó dé Nàìjíríà wa níbí, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé, Ọọ̀ni ló fún un lórúkọ yẹn. Ẹ wo bó ṣe jẹ́, àtibí sí Ifẹ̀ kò jìnnà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Kóòṣì fi sọ ọ́. Mo lọ bá a lẹ́yìn kíláàsì, mo ní ẹ ò ṣe dáadáa sí màmá yìí, ó ní òun gbọ́, ìgbà tó ń bọ̀ á yàtọ̀. N ó wò ó.

Ọ̀sẹ̀ keje ni Alvin Ailey. Ṣé ẹ rí ẹni yìí, òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń wá. Texas ni wọ́n ti bí i ní 1931, ìyá ẹ̀ ń he òwú lóko olóko, ó ń tọ́jú ilé fáwọn èèyàn, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi làwọn èèyàn ẹ̀ ń lọ. Ó dá ẹgbẹ́ ijó tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1958. Ní 1960, ọmọ ọdún 29, ó gbé Revelations jáde, ohun tó sì fi ṣe ijó yẹn kò ju ohun tó ti ń wò láti kékeré: àwọn tó ń lọ ṣèrìbọmi lódò nínú aṣọ funfun, agboòrùn tí wọ́n ń gbé lé wọn lórí, aṣọ títẹ́ kan tí wọ́n ń mì tó fi dà bí omi, nígbà tó máa parí àwọn màmá ìjọ tí wọ́n wọ aṣọ yẹ́lò, tí wọ́n fi fìlà ńlá sórí, wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ dání, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fẹ́ra. Ìyẹn nìkan. Bí àwọn màmá ṣe ń fẹ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ooru! Ó sọ ọ́ di ijó, títí dòní ni wọ́n ṣì ń jó o káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ ó ti kú láti 1989. Mo ń wò ó mo ń rí àwọn ìyá ìjọ wa ní ìjókòó ìlà kejì. Mo ń rí ọ̀nà tí Màmá Dékọ́nì fi ń ká gèlè ẹ̀ kó tó kúnlẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wá ijó lórí fóònù, ijó wà níwájú mi gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Kóòṣì fi èyí tí Ailey ṣe fún ìyá ẹ̀ hàn wá náà, Cry, ní 1971, obìnrin kan ṣoṣo, Judith Jamison, ló jó o fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Aṣọ funfun gígùn kan ló mú dání, ó ń fi í nulẹ̀, ó tún ń fi bora, ó tún ń fi wé orí. Nọ́ọ̀sì wa sunkún. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ìyá ẹni nìyẹn o.

Nǹkan tí mi ò gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Pina Bausch ará Jámánì ló yẹ ká ṣe, ẹni tó da iyẹ̀pẹ̀ sí gbogbo orí ìtàgé ní 1975 táwọn oníjó fi ń jó lórí ẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò wọ́n. Kóòṣì so ó mọ́ Germaine Acogny, màmá ijó Áfíríkà, wọ́n bí i ní 1944 ní ilẹ̀ tá à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni, ìyá bàbá ẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá, ìyálóòṣà ni. Màmá yìí dá ilé ìwé ijó sílẹ̀ létí òkun ní Toubab Dialaw ní Sẹ̀nẹ̀gà, École des Sables, orí yanrìn ni wọ́n ti ń jó, ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbogbo ijó ẹ̀ ti ń jáde. Ní 2021 wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún oníjó ní Venice. Ijó oníyẹ̀pẹ̀ Bausch yẹn, ilé ìwé Acogny bá wọn tún un gbé jáde pẹ̀lú oníjó tó wá láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 14.

Iyẹ̀pẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n lahùn. Mo ní Kóòṣì, ní ìlú màmá mi wọ́n máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ mọ òkìtì sójú agbo, ẹni tó bá ru Ẹpa, ère eégún tí wọ́n ń gbé lórí, á sáré wá, á fò gun orí òkìtì náà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ Ẹpa, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan eré. Igi ni, ìkòkò ẹ̀ wọ orí, ère jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ wà lókè, ẹni méjì ló ń gbé e lé ẹni tó máa jó o lórí nígbà míì. Ọrùn ló máa gbé gbogbo ẹ̀. Tó bá fò gun òkìtì tí kò ṣubú, gbogbo ìlú á hó yèè, ọdún dára nìyẹn. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, orí èjìká àbúrò màmá mi ni mo wà. Kóòṣì pa fídíò. Ó ní kí n wá síwájú kí n sọ ọ́. A lo gbogbo àárọ̀ yẹn lórí ẹ̀, wọ́n gbé gárawa tó kún fómi lérí, wọ́n ń gbìyànjú láti sáré mẹ́ta kí wọ́n sì gun àpótí bíà kan tó wà nílẹ̀ láìda omi. Ẹni méjì péré ló rí i ṣe. Bàbá wa tó fẹ̀yìn tì jẹ́ ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni Kóòṣì sọ nǹkan kan. Ó ní a mọ ẹni tó gbẹ́ igi. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkéré dé ìfihàn Wembley ní London ní 1924 tó sì wà ní British Museum títí dòní, a mọ̀ ọ́n. Bámgbóyè ará Òdò-Ọ̀wá, tó gbẹ́ Ẹpa tí gbogbo ayé ń wò, a mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi igi yẹn fò gun òkìtì? Ẹnì kan ló ronú ẹ̀ o. Ẹnì kan ló jókòó ní ọjọ́ kan tó ní rírù nìkan ò tó, ẹ mọ òkìtì síbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ ọjọ́ àti ibi tí Ailey ti gbé ijó ẹ̀ jáde, àwa ò mọ orúkọ bàbá yẹn tàbí ìyá yẹn. Ó dùn mí dé egungun. Mo ti pe àbúrò màmá mi sórí fóònù, ó ní òun á bi àwọn àgbà ilé, èmi náà ń lọ sílé lóṣù yìí pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tó ga jù nípa kíláàsì yìí ni pé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Ògúndé, Kaffy, Qudus Onikeku tó ń to ijó ìgbàlódé, gbogbo wọn ní àárọ̀ kan! Hubert Ògúndé tí wọ́n bí ní Òṣoṣà ní 1916, tó jẹ́ pé ìjọ Aládùúrà ló kọ́kọ́ ṣe eré fún ní 1944, tó máa ń fi ijó àti orin ṣíde eré ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó padà wá di ẹni àkọ́kọ́ tó darí ẹgbẹ́ òṣèré ìjọba àpapọ̀ kó tó kú ní 1990. Eré ìjọ ló ti bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi, mo fẹ́ gbọ́ sí i. Kaffy náà, tó wọ ìwé Guinness ní 2006 pẹ̀lú ijó tí wọ́n jó ju wákàtí 50 lọ, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ lè fi ijó jẹun. Ẹni tó wà l'Èkìtì tó ń kọ́ ọmọ Èkìtì, ilé ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sí Texas.

Àwọn nǹkan tó kù: ilẹ̀ ibẹ̀, kọnkéré lásán ni, kò sí táìsì kò sí pákó, orúnkún mi wú lọ́sẹ̀ kejì, ẹ mú ẹní dání tàbí kẹ́ẹ wọ kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn. Ibi táwọn obìnrin máa ti pààrọ̀ aṣọ kò sí, kọ́tìnì kan ni wọ́n ta, kò tó, mo sọ fún wọn, wọn ò tíì ṣe é. Aago mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ, ẹ kà á sí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Jẹ́nẹ́ wà, wọ́n máa ń tàn án, ẹ̀ẹ̀mejì péré la ò rí fídíò wò nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ìyẹn dáa. Òbí tó bá fẹ́ mú ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjìlá wá, kò tíì sí ti wọn níbẹ̀.

Ní ti ìkórè wa tó kọjá. Mi ò wo fóònù rárá. Mo ní kí àwọn ọmọ lọ wo bí ìyá wọn ṣe ń gúnyán, bí ìyá àgbà wọn ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ tó bá ti oko dé, kí wọ́n wá ṣe é fún mi. Ọjọ́ márùn-ún la fi tò ó. Níbi tí wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè, odó ló wà níwájú wọn, ọmọ odó ni wọ́n gbé dání, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń jó, kò sí àtẹ́wọ́, àyà mi já. Àfìgbà tí wọ́n parí tí Màmá Dékọ́nì dìde lórí ìjókòó ẹ̀, tó rìn wá síwájú pẹ̀lú ọ̀pá, tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ igi ìdáná, tó sì ṣe é ju àwọn ọmọ lọ. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá Ìfẹ́, ẹ̀yìn ni ìwọ ò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ tó. Wá sílé mi lọ́la."

Mo ti lọ. Ní ti kíláàsì, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ òmíì láìpẹ́, mo ti fi ₦15,000 sílẹ̀.